Ta Ló Kọ́ Ọmọ Ní Ẹnu Méjì?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Bí ọmọ ọdún mẹ́jọ bá dìde níwájú èrò, tí ó ń ka ọ̀rọ̀ lórí pé olè kò dára, irọ́ kò dára, tí kò gbàgbé ẹyọ kan nínú rẹ̀, tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún un títí tí ọwọ́ fi ń ta yín, tí ó wá di sáà tó tẹ̀ lé e tí wọ́n bá àpótí pẹ́ńsùlù ọmọ ọlọ́mọ nínú àpò rẹ̀, kí ni ẹ ó pe ọmọ náà? Mo ti gbọ́ ìdáhùn yín. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀, mo sì fi ìgbànú kún un.

Ọmọ mi ni ọmọ ọ̀hún. N kò ní dárúkọ ilé-ìwé rẹ̀, nítorí kì í ṣe ilé-ìwé kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bùn ìparí ọdún, òun ni wọ́n mú láti ka ọ̀rọ̀ lórí ìwà òtítọ́. Ìyá rẹ̀ rán bùbá àti ṣòkòtò àǹkárá fún un. Mo lọ jókòó sí ìlà iwájú, mo fẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oyè. Nígbà tí ọmọ parí, alága ọjọ́ náà dìde fúnra rẹ̀, ó kó ìwé ìkọ̀wé méjìlá fún un, ó ní, "Ọmọ rere nìyí. Ilé rere ló ti wá." Ẹ ò rí i bí orí mi ṣe wú!

Wọ́n wọlé sáà tuntun. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, àpótí pẹ́ńsùlù ọmọ kan di àwátì, wọ́n wá a títí, inú àpò ìwé ọmọ mi ni wọ́n ti bá a. Tíṣà wọn ya ẹ̀gbẹ́ páálí mílíìkì kan, ó fi tàdáwà kọ OLÈ NI MÍ sí i gàdàgbà, ó lu ihò sí i, ó fi okùn so ó kọ́ ọmọ náà lọ́rùn, ó sì ní kó máa lọ yíká láti kíláàsì kìíní dé kíláàsì kẹfà. Àwọn ọmọ ń hó lé e lórí. Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́ lálẹ́ tí wọ́n rò ó fún mi, n kò tíì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ tí mo fi yọ ìgbànú. Mo nà án kí n tó bi í léèrè ohunkóhun. Èyí ló ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ìgbà tí ẹkún rẹ̀ rọlẹ̀ ni mo tó pè é jókòó. Mo ní, "Ṣé o ò mọ̀ pé olè jíjà ò dára ni?"

"Mo mọ̀, sà."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Àti tíṣà wa."

"Kí ló wá dé tó o fi mú un?"

Ó dákẹ́. Ó ń fọwọ́ fa etí bùbá rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dáhùn, ohùn rẹ̀ kò sì jáde dáadáa. Ó ní, "Ó wù mí ni."

Ẹ gbọ́ ná. Èmi tí mo ń fi ọ̀rọ̀ jẹun, n kò rí èsì kankan fọ̀ sí i. Bí mo bá rò ó dáadáa, òtítọ́ ni ọmọ náà sọ lọ́jọ́ tó ń kàwé lórí pèpéle. Ó mọ̀ pé olè kò dára. Òtítọ́ náà ló sì tún sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àpótí pẹ́ńsùlù wù ú. Níbo ni irọ́ wà nínú méjèèjì? Síbẹ̀ ohun tí tíṣà ń pariwo ni pé alágàbàgebè ni, pé ẹni tó ka irú ọ̀rọ̀ yẹn lórí níwájú èrò tó tún jalè, olè tirẹ̀ di méjì. Mo kọ̀ ọ́. Alágàbàgebè ni ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe, tó ń fi ẹnu kan bo ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè rí jẹ. Ọmọ kékeré tí ẹnu rẹ̀ ti dé ọjà nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà, ẹ wá orúkọ mìíràn fún un.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé ẹjọ́ náà lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ oníwèé ìròyìn yìí, wọ́n ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó bí bàbá rẹ." Ó wá ń sọ ọ́ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní 2013, àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Craig Smith, Peter Blake àti Paul Harris, tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́jọ. Wọ́n fún ọmọ ní àwọn bébà aláwòrán wọ̀nyí tí àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ lẹ̀ mọ́ ìwé àti ògiri. Wọ́n bi í pé, báwo ló ṣe yẹ kí o pín in pẹ̀lú ọmọ mìíràn? Àti kékeré àti ńlá wọn, ohùn kan ni. Dọ́gba-dọ́gba ni kí a pín in. Ó wá kan pínpín gan-an. Àwọn tó ti tó ọmọ ọdún méje àti mẹ́jọ pín in bí wọ́n ṣe wí. Àwọn kéékèèké kó èyí tó pọ̀ sọ́dọ̀ ara wọn. Ṣùgbọ́n ibi tó mú mi lọ́kàn jù nìyí: nígbà tí wọ́n bi àwọn kéékèèké náà pé, "Ìwọ gan-an ńkọ́, báwo lo ṣe máa pín in?" wọn kò parọ́. Wọ́n ní àwọn máa mú èyí tó pọ̀. Wọ́n mọ òfin, wọ́n sì mọ ara wọn. Mélòó nínú àwa àgbà ló mọ ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ẹnì kan yóò sọ pé ọmọ tèmi ti pé mẹ́jọ, ó ti yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ bá ẹnu rẹ̀. Ó dára. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Hugh Hartshorne àti Mark May tẹ ìwé wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1928, lẹ́yìn tí wọ́n ti dán ọmọ bí 11,000 wò, láti ọmọ ọdún 8 títí dé ọmọ ọdún 16. Wọ́n ṣètò rẹ̀ kí àyè lè wà fún ọmọ láti jí ìdáhùn wò nínú kíláàsì, láti rẹ́ni jẹ nídìí eré, láti mú owó, láti parọ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọmọ tó ṣe màgòmágó níbi kan kì í ṣe dandan kó ṣe é níbòmíràn. Ẹni tí kò jẹ́ wo ìwé ẹnìkejì lè rẹ́ ọ jẹ nídìí eré. Pé ọmọ mọ ohun tó tọ́, tó lè kà á bí omi, èyí kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí yóò ṣe bí ojú ẹnikẹ́ni kò bá sí lára rẹ̀.

Mo fẹ́ kí àwọn tó máa ń kígbe pé "Ọmọ òde òní ti bàjẹ́!" tún ọdún yẹn kà. Ní 1928, ilé ta ni tẹlifíṣọ̀n wà? Ta ló ní fóònù tó ń tẹ̀ káàkiri? Kò sí fíìmù tí wọ́n ń wò títí ilẹ̀ fi ń mọ́, síbẹ̀ ẹnu àwọn ọmọ náà kò bá ọwọ́ wọn mu. Àwọn ọmọ ọ̀hún ti di baba ńlá ẹlòmíràn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ti kú. Ẹ yé parọ́ mọ́ àwọn ọmọ òde òní jàre.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ó wà ní kíláàsì kẹfà nílé-ìwé kan náà. Ọmọ yìí kò ní ẹnu dídùn rárá. Bí ẹ bá ní kó lọ pọnmi, yóò kọ́kọ́ wú bí ọ̀pọ̀lọ́. "Èmi ṣáá! Gbogbo ìgbà, èmi ṣáá! Ṣé èmi nìkan lẹ bí ni?" Kí ẹ tó bú u tán, dúrọ́ọ̀mù ti kún. Bí ẹ bá ní kó wẹ abọ́, á ní òun ò wẹ̀ ẹ́, òun ń ka ìwé. Ẹ padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ó bá abọ́ tó ti mọ́, tó ti dorí kodò sínú agbọ̀n, tí òun fúnra rẹ̀ sì ṣì ń kùn. Àbúrò rẹ̀ ńkọ́? Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan, "Sà!" Á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Mo ń lọ, sà. Mo ti ń lọ, sà." Ẹ ó sì máa wò ó títí.

Àwọn tó ń ka Bíbélì á rántí baba kan nínú Ìhìnrere Mátíù, orí kọkànlélógún, tó rán ọmọ méjì lọ sóko. Èkíní kọ̀, ṣùgbọ́n ó padà lọ. Èkejì gbà, kò sì lọ. Gbogbo wa la mọ èwo nínú wọn ló ṣe ìfẹ́ baba rẹ̀, a ti ń dáhùn ìbéèrè yẹn láti ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi. Ó yá, nínú àwọn ọmọ méjì tó wà nílé mi, ta ni mo ra bàtà tuntun fún nígbà ọdún? Èyí tó ń ṣe "Sà, sà" ni. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ tún ẹnu rẹ̀ ṣe ná. Ìwé èsì ìdánwò rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi níhìn-ín. Níbi tí wọ́n ti máa ń kọ nípa ìwà, wọ́n kọ ọ́ pé ó máa ń ráhùn. Wọn kò kọ ohun tó ń ṣe lẹ́yìn ìráhùn. Láti kíláàsì kìíní, ẹ̀bùn ìwà rere kò kàn án rí.

Nígbà tí wọ́n ń fi páálí yẹn yí àbúrò rẹ̀ ká, wọ́n gbé e dé kíláàsì tirẹ̀. Ohun tó sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tó sì ń ké bí ó ṣe ń sọ ọ́, ni pé, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó dójú tì mí. N kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́." Mo gbà á gbọ́. Mo tiẹ̀ rò ó pé ọmọ yìí le lọ́kàn. Ọjọ́ kẹrin ni àbúrò rẹ̀ tó sọ èyí tó kù fún ìyá wọn. Nígbà tó wọ kíláàsì kẹfà tí wọ́n ń hó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde lórí àga, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó rìn lọ síwájú, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì bá a rìn padà dé kíláàsì tirẹ̀ pẹ̀lú páálí lọ́rùn. Pàṣán mẹ́fà ni wọ́n fún un nítorí pé ó jáde láìgba àyè. Kò sọ ọ́ fún mi. Ó ṣì ń sọ pé òun kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọmọ yìí náà, ohun tó sọ àti ohun tó ṣe kò dọ́gba. Ṣé alágàbàgebè ni òun náà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yí ojú ẹjọ́ yìí sí ibi tó yẹ kó kọjú sí. Ẹnu dùn ún rò'fọ́, àwa àgbà la sì ń fi ẹnu rò ó jùlọ. Ní 1970, James Bryan àti Nancy Walbek jẹ́ kí àwọn ọmọ máa wo àgbàlagbà kan tó ń ṣeré tó sì ń jẹ èrè nídìí eré náà. Ọmọ kan á rí èyí tó ń wàásù pé ó dára kí èèyàn fi lára èrè rẹ̀ ta aláìní lọ́rẹ, tí kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀. Òmíràn á rí èyí tó ń wàásù pé kí kálukú di tirẹ̀ mú, tó sì fi sílẹ̀. Nígbà tó kan àwọn ọmọ láti fi tiwọn sílẹ̀, ohun tí wọ́n rí lọ́wọ́ àgbà ni wọ́n tẹ̀ lé, ìwàásù náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí ọwọ́ wọn padà. Ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi ka èyí fún mi, mo ní kó dúró ná. Ara mi ti ń gbóná.

Nítorí pé mo rántí mọ́tò. Bí mo bá gbé ọmọkùnrin yìí wọ ọkọ̀ láti Mókọ́lá, tí dírẹ́bà bá ní kí n san owó ààyè méjì, èmi ni mo máa ń sọ pé, "Ẹ wò ó, ọmọ ọdún márùn-ún ni, màá gbé e lẹ́sẹ̀." Ọmọ á wà lórí ẹsẹ̀ mi, ẹsẹ̀ tirẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ojú rẹ̀ á sì máa wo ìta. Ó mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun ti pé mẹ́jọ. Kò tíì já mi níbẹ̀ rí. Ọmọ tó gbọ́n ni.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yìí ti pẹ́ lára wa. Nígbà tí wọ́n mú èmi náà lọ sílé-ìwé, wọ́n ní kí n fi ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kí n fi kan etí òsì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá mo ti tó. Ọwọ́ mi kò tó. Bàbá mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, rọra sọ sí mi létí pé kí n dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Mo dorí kọ ẹ̀gbẹ́, mo wọlé. A máa ń fi sọ àwàdà nínú ẹbí wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí àwàdà lè bá èèyàn dé: ní 1989, FIFA fi ìyà ìdádúró ọdún méjì jẹ Nàìjíríà nítorí ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan kò bá ara mu láti ìdíje kan sí òmíràn, ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ti 1991 tó yẹ kó wáyé nílẹ̀ wa sì bọ́ lọ́wọ́ wa, ó di ti Pọtogí. Ṣé àwọn ọ̀dọ́ náà ló dá lọ búra ọjọ́ orí?

Tàbí kí n sọ ti ìdánwò? Láti 1977 tí ìbéèrè ìdánwò WAEC ti jáde sígboro ni "ẹ̀spó" ti di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ lẹ́nu wa. Ní 1984, ìjọba ológun gbé Dìkíríì 20 jáde, pé ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ lórí màgòmágó ìdánwò lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 jura. Ẹ̀wọ̀n ọdún 21! Nígbà tó di 1999, wọ́n fi òfin tó rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀ mo mọ àwọn bàbá, àwọn tí a jọ ń jókòó ní ìpàdé àwọn òbí, tí wọ́n ń kó ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ti mọ̀ pé tíṣà á kọ ìdáhùn sójú pátákó. Wọ́n á san owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Owó náà kò lórúkọ nínú rìsíìtì. Bí ọmọ ọ̀hún bá délé tó jí ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀, bàbá kan náà á ká a mọ́lẹ̀, á ní, "Ta lo jọ? Nínú ìdílé wa, a kì í jalè!"

Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tó ń bínú, mo sì ń bínú lóòótọ́. Mo ń bínú sí ara mi pẹ̀lú.

Àwọn kan á ní, ṣé kí a wá fi ọmọ tó jalè sílẹ̀ ni? N kò sọ bẹ́ẹ̀. N kò ní kí ẹ fún un ní bísíkíìtì. Lọ́jọ́ kejì tí mo nà án tán, mo mú un lọ sílé ọmọ tó ni àpótí náà, ní alẹ́, ẹsẹ̀ la fi rìn. Òun fúnra rẹ̀ ló kan ilẹ̀kùn. Òun ló bẹ̀ wọ́n, òun ló sì mú mẹ́ta nínú ìwé ìkọ̀wé tó gbà lẹ́bùn, ó kó o fún ọmọ náà. N kò sọ fún un pé kó mú ìwé dání. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà lábẹ́ bùbá rẹ̀. Ìyá ọmọ náà gbé omi fún wa. Bí a ṣe ń padà bọ̀, a kò sọ̀rọ̀. Ohun tí ó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lójú tèmi, ó ju gbogbo ohun tó fi ẹnu kà níwájú alága lọ, kò sì sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kò gbọdọ̀ bínú sí mi. Iṣẹ́ yín pọ̀, owó yín kéré, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n ìdí wo ni ẹ fi ń fún ọmọ ní ẹ̀bùn ìwà nítorí ohun tó kọ́ sórí? Ẹ fún un ní ẹ̀bùn ìwé kíkà, ó tọ́ sí i. Ẹ̀bùn ìwà, ẹ wo ẹni tó ń gbá kíláàsì lẹ́yìn tí ẹ ti lọ, ẹ wo ẹni tó ń pín oúnjẹ rẹ̀ fún ọmọ tí kò gbé oúnjẹ wá. Ó lè jẹ́ pé onítọ̀hún ni ọmọ tó máa ń fèsì. Ẹni tí ẹ bá sì bá nídìí àṣìṣe, kí ló dé tí ẹ fi orúkọ àṣìṣe náà kọ́ ọ lọ́rùn? Ọmọ tí a ti pè ní olè níwájú gbogbo ilé-ìwé, bí nǹkan bá tún sọnù lọ́la, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá?

Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé wọn lọ́jọ́ Ajé. Mo kí wọn tẹ̀rù-tẹ̀rù, mo ní mo fẹ́ gba páálí yẹn. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní mo fẹ́ mú un lọ sílé. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe, pé ohun ìní ilé-ìwé ni, pé wọ́n máa ń tọ́jú rẹ̀ nítorí ọmọ mìíràn. Mo rí i lẹ́yìn àga wọn, ó fara ti ògiri, okùn rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, etí rẹ̀ sì ti ń ṣá. Mo tún padà lọ lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n ní kí n kọ̀wé béèrè. Mo ti kọ ọ́. Mo ti ra bàtà ọmọ mi obìnrin náà. Ó ní kò wu òun, ó ní ó fún òun lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọ̀ ọ́, kò tíì bọ́ ọ.